Ojú Ẹja Lára Pijó Alhaji

Ajé, 29 Oṣù Kẹfà, 1992

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Alhaji Bùràímọ̀ fúnra wọn wá bá wa lábẹ́ páànù tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, omi ń ro lára agboòrùn wọn, wọ́n sì sọ ohun tí a ti ń gbọ́ fínrín láti bí oṣù mẹ́ta. Ẹbí wọn kò fohùn ṣọ̀kan mọ́ lórí ilẹ̀ tí èmi àti Ládépọ̀ ń lò ní Igbó-Elérin yìí. Àlàbá, àbúrò wọn, ti mú àwọn oníbúlọ́ọ̀kù wá wò ó. Alhaji ní àwọn kò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n kun Pijó bàbá wọn, èyí tó ti wà lábẹ́ igi àgbọn láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni wọn yóò ṣe àdúrà ọdún kan fún bàbá. Bí ọkọ̀ náà bá dé ojú agbo lọ́jọ́ náà tó sì dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ilẹ̀ di tiwa fún ọdún márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ búlọ́ọ̀kù mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n má bínú sí àwọn.

Mo ní mi ò ní bínú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀yìn ilẹ̀ yìí ni yàrá tí èmi, Ìbídùn ìyàwó mi àti Táyọ̀ ọmọ wa ń sùn sí wà. Ládépọ̀ tó ń na irin ọkọ̀ ní bí wọ́n bá gba ilẹ̀ náà, òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń po símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n èmi ńkọ́, ṣé mo fẹ́ máa kun búlọ́ọ̀kù ni?

Ẹtì, 3 Oṣù Keje

Ládépọ̀ ti na gbogbo ibi tó tẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gé e kúrò, ó jó irin tuntun mọ́ ọn. Ó ní bàbá Alhaji ti ní láti sanra gan-an nítorí àga iwájú ti rì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kó rọra sọ ọ́.

Tínà tí a fi ń po ọ̀dà ti gbówó lórí. Gálọ́ọ̀nù tí mo rà ní ọgọ́ta náírà nígbà Àjíǹde ti di ọgọ́rin.

Ìbídùn bi mí bóyá ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó balẹ̀. Ó ní ojú mi kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Keje

Òjò dá. Mo kun àwọ̀ náà lónìí, àwọ̀ ewé tó dúdú, tí ohun kan ń tàn nínú rẹ̀ bíi yanrìn etí òkun. Ìpele méjì. Láti ìsinsìnyí títí kílíà, ọ̀dà tó mọ́ gaara tó ń mú un dán, yóò fi bò ó, ọwọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí Ọ̀gá Ògúntádé ṣe kọ́ wa ní Abẹ́òkúta nìyẹn; igi ni wọ́n fi ń dá ẹni tó bá na ìka sí i lẹ́kun. Iṣẹ́ yìí máa ń yà mí lẹ́nu tí mo bá rò ó. Àwọ̀ ló jẹ gbogbo ìyà, kílíà tí kò ní àwọ̀ rárá ni àwọn èèyàn ń yìn.

Iná lọ ní aago mẹ́rin, n kò lè lo kọmpirẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà. Kílíà di ọ̀la.

Ìwé ìròyìn ọdún 1985 ni mo fi bo gíláàsì iwájú. Kí n tó lẹ̀ ẹ́ mo kà á tán. Ẹnì kan kọ̀wé sí olóòtú pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, iná kò ní í máa lọ mọ́. Ibo ni ẹni náà wà báyìí?

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Keje

Mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má dìde. Mo po kílíà mọ́ hádínà tó ń mú un le, mo sẹ́ ẹ gba inú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. Ìpele kìíní fúyẹ́. Mo dúró títí tí èyí tó wà lórí téèpù fi lẹ̀ mọ́ ìka láìfà. Ìpele kejì, mo rìn láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù láìdẹsẹ̀ dúró. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó tẹ́jú bí omi inú àwo.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kílíà ń sá kúrò ní ibì kan, ó ń fi ihò róbótó sílẹ̀, ọ̀kan, mẹ́ta, méjìlá, etí ihò kọ̀ọ̀kan wú díẹ̀. Ojú ẹja ni àwa pẹ́ńtà ń pè é. Ó tún yọ lára ilẹ̀kùn, ó tún yọ lórí búùtù. Mo di gọ́ọ̀nù mú, mo ń wò ó. Kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí i nígbà tó bá ti ń ṣẹlẹ̀.

Ládépọ̀ kò ṣàwàdà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ajé, 13 Oṣù Keje

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi fi pépà omi họ ọ́. Ìka mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ èékánná.

Mo gbé kílíà náà lọ bá Àkànní tó tà á fún mi ní Mọ́ṣín. Mo ní ó ti da nǹkan míì lú u. Ó bojú wò mí, ó mú gọ́ọ̀nù tirẹ̀, ó da èyí tó kù nínú agolo mi sínú rẹ̀, ó wọ́n ọn sára ọ̀pá irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ bíi dígí. Ó ní, "Pẹ́ńtà Ọ̀jọ́, ẹ lọ wo ilé yín." Ojú tì mí débi pé mo ra sáńpépà tí n kò nílò.

Bóyá omi ló wà nínú kọmpirẹ́sọ̀. Mo tú u, mo da omi rẹ̀ nù. Omi inú rẹ̀ kò kún ife tíì. Ṣé ìwọ̀nba yìí ló bà mí jẹ́?

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Keje

Mo tún kun àwọ̀ náà lánàá, mo sì gbé kílíà lé e ní ọ̀sán òní. Kọmpirẹ́sọ̀ gbẹ, ojú ọjọ́ gbẹ, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Ojú ẹja tún yọ.

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo rí ohun kan tí n kò rí nígbà àkọ́kọ́, bóyá nítorí pé omijé ti bo ojú mi lọ́jọ́ náà. Àwọn ihò náà kò fọ́n káàkiri. Wọ́n tò. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà kan gùn, ìlà kejì dábùú rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Lórí búùtù bẹ́ẹ̀. Mo pe Ládépọ̀ kó wò ó, mo ní n kò ní sọ ohun tí mo rí, kó sọ ohun tí òun rí fún mi.

Ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbélébùú ni."

Mo ti kà pé ojú èèyàn máa ń kó ojú méjì àti ẹnu jọ láti inú àwọsánmà. Ṣùgbọ́n àwọsánmà kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà ní ọ̀nà kan náà.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Keje

Arábìnrin kan tó ń bọ̀ láti ìsìn rí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà láti ojú ọ̀nà. Kí n tó mu ẹ̀kọ tán, aṣọ funfun ti kún abẹ́ páànù wa. Gbogbo wọn bọ́ bàtà bí ẹni tó dé ilẹ̀ mímọ́, orí eruku ọ̀dà ni wọ́n tẹ̀. Wòlíì Adébísí, olórí ìjọ tí Ìbídùn ń lọ, tí èmi náà ń lọ tí ara bá yá mi, wo ọkọ̀ náà yíká. Wọ́n ní Ọlọ́run ti kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe fi pépà kàn án.

Mo ní ọkọ̀ Alhaji ni, ẹ̀sìn ìmàle ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ ọkọ̀ ẹni tó jẹ́ kó tó fọwọ́ sí i.

Mo wo Ìbídùn láàárín wọn. Inú àwọn yòókù ń dùn. Òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà. N kò mọ ohun tí mo lè pe ìyẹn.

Ẹtì, 24 Oṣù Keje

Láti mọ́ṣáláṣí ni Alhaji ti wá, Àlàbá tẹ̀ lé wọn. Mo ti fi aṣọ bo ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n Àlàbá ló ká a kúrò. Ó ní, "Brother mi, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Mo sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ wa kọ́."

Alhaji sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà tó gùn, wọ́n tẹ̀ lé èyí tó dábùú, wọ́n nu àtàǹpàkò náà sára agbádá wọn.

"Pẹ́ńtà, ṣé èyí ni kí n gùn lọ síbi àdúrà bàbá mi?"

Mo ní rárá, sà.

"Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ ọ́, àìsàn kílíà ni, mo ń wá ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá a kíákíá. Wọ́n ní àwọn kò bá mi jà, ọmọ ẹni rere ni mo jẹ́ láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá wọ agbo pẹ̀lú àmì yìí, tàbí tí kò bá wọ agbo rárá, kí n máa wá ilẹ̀ míì. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó mọ̀ pé mo ṣì di rágì mú.

Ajé, 27 Oṣù Keje

Nínú ìwé kan tí mo rà lórí ilẹ̀ ní Ìyánà-Ìbá, tí èèpo rẹ̀ ti ya tó jẹ́ pé n kò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ní bí o bá fẹ́ mọ ìdí nǹkan, yí ohun kan ṣoṣo padà, kí o fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ àlòkù kan kúrò lórí ààtàn, mo kùn ún ní àwọ̀ kan náà, mo fi kílíà kan náà àti gọ́ọ̀nù kan náà bò ó lọ́jọ́ kan náà. Kò ní ojú ẹja kankan.

Kì í ṣe kílíà. Kì í ṣe atẹ́gùn. Kì í ṣe èmi. Nǹkan kan ń ṣe ọkọ̀ náà láàárín àṣálẹ́ tí mo bá fi àwọ̀ sílẹ̀ àti ọ̀sán tí mo bá gbé kílíà lé e. Ilẹ̀kùn yìí kò sùn mọ́jú; mo kùn ún láàárọ̀, mo bò ó lọ́sàn-án.

Kí ló ń ṣe é? Òru máa ń gùn fún ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn. Ládépọ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní kó fi ọwọ́ náà hàn mí.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Keje

Mo ti rí ọwọ́ náà.

Àná ni mo tún kun àwọ̀ sára Pijó. Láàárọ̀ yìí Ìbídùn gbé àkàrà àti ògì fún mi, ó na ife náà sí mi, mo sì rí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Àwọ̀ ewé, tó ń tàn bíi yanrìn etí òkun. Ọ̀dà tí kò tíì ní kílíà máa ń bá ọwọ́ lọ.

Mo gba ife náà. Mo mu ògì. Mo jáde lọ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí oòrùn ti ń tàn án ní ìbúùbú, mo sì rí àgbélébùú òróró, ó tín-ín-rín, ẹni tí kò bá wá a kò lè rí i. Mo fi imú sún mọ́ ọn. Òróró ólífì ni, ti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń da lọ́fínńdà díẹ̀ sí.

Obìnrin yìí ń jí ní ìdájí láti gba ilẹ̀ tó ń sùn lé là, àtàǹpàkò tó fi ń gbà á là ló ń bà á jẹ́. Ta ni mo lè bá bínú? N kò gbé kílíà lé e. Mo sọ fún Ládépọ̀ pé ọjọ́ kò dára. Oòrùn ń ràn kedere.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹjọ

N kò tíì sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí bébà mìíràn bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, mo sì ya á. Bí mo bá ní àdúrà rẹ ló bà á jẹ́, yóò gbọ́ ohun tí n kò tíì sọ fún un láti ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra, pé tí mo bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ojo máa ń ṣe ni mo ṣe. Mo ra àgádágodo, mo fi ti ẹnu ọ̀nà páànù.

Àìkú, 2 Oṣù Kẹjọ

Ó dúró níwájú àgádágodo náà ní ìdájí, ìgò òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti jí, mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Kò kanlẹ̀kùn, kò mi í. Ó padà wọlé, ó jókòó sétí ibùsùn.

"Bàbá Táyọ̀, ta lẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Ó ní Wòlíì ló ní kí òun fi òróró sàmì sí ọkọ̀ náà fún ìdájí mọ́kànlélógún, kí èmi má mọ̀ sí i, nítorí pé iyèméjì mi lè dí i lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ tí àgbélébùú hàn gbangba ni mọ́kànlélógún àkọ́kọ́ pé, òun sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ òun lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù bà òun, òun lọ sọ fún Wòlíì. Wọ́n ní kí òun tún bẹ̀rẹ̀ mọ́kànlélógún míì. Ó ku mẹ́sàn-án.

Nítorí náà Wòlíì ti mọ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n má fi pépà kàn án? Mo fẹ́ bi í. Ó ṣáájú mi.

"Ṣé àdúrà ni kò jẹ́ kó dán ni, àbí òróró?"

"Òróró ni."

"Ó dá yín lójú?"

Èmi tí mo ń wá ìdí ohun gbogbo, n kò tíì dán èyí wò. Mo ní kò dá mi lójú.

Ó ní, "Ẹ wá jẹ́ kó dá yín lójú kí ẹ tó tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹjọ

Mo fi téèpù pín ilẹ̀kùn àlòkù náà sí mẹ́rin. Àná ni mo kùn ún. Láàárọ̀ yìí a péjọ yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ.

Apá kìíní, a kò fọwọ́ kàn án. Apá kejì, mo ní kí Ládépọ̀ fi òróró inú ìgò Ìbídùn sàmì sí i láìgbàdúrà. Ó ní òun kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi òróró sàmì kí ọkàn rẹ̀ má lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, pàápàá ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí ilẹ̀. Mo ní kó máa ka nǹkan míì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ibùdókọ̀ láti Mile 2 títí dé Ìyánà-Ìbá, ó ń fi ohùn kọ̀ndọ́kítọ̀ pè é, ó sì ń fi òróró yí ọ̀dà. Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

Apá kẹta, Ìbídùn fi òróró sàmì sí i, ó gbàdúrà. Apá kẹrin, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú, ó gbàdúrà sí i láìfọwọ́kàn. Àdúrà yẹn gùn ju ti apá kẹta lọ. Ó dárúkọ Alhaji, ó dárúkọ Àlàbá, ó dárúkọ mi.

Lọ́sàn-án mo gbé kílíà. Gbogbo wa dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú. Ti kẹta tẹ̀ lé e, kò yàtọ̀, ihò fún ihò. Apá kìíní tẹ́. Apá kẹrin tẹ́.

Ìbídùn tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Àdúrà kò bà á jẹ́."

Mo ní, "Kò bà á jẹ́."

Apá kẹrin kò dán ju apá kìíní lọ. Mo rí i. Òun náà ní ojú. A kò sọ ọ́, a gbé ilẹ̀kùn náà sábẹ́ òrùlé kí òjò má bá a.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Ọṣẹ, omi, pépà. A họ gbogbo rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, a fi bẹntiróò nù ún, a tún fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìbídùn ló fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹjọ

Wòlíì Adébísí béèrè mi lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ti gbọ́ pé mo ti họ àmì náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ṣé mo mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lóṣù tó kọjá lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Ìbídùn tó dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ní kí àlàáfíà wà nínú ilé wa. Bóyá àwọn náà ń ṣiyèméjì lálẹ́. Ta ló lè mọ̀?

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹjọ

Ìdájí kọkànlélógún rẹ̀ nìyí. Ó jí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà páànù tí mo ti ṣí sílẹ̀ fún un, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. N kò kúnlẹ̀ tì í. Mo dúró sí ibi tó ti lè rí mi.

Àwọ̀ ti wà lára ọkọ̀ náà láti àná. Ní aago mọ́kànlá, ojú ọ̀run dúdú láti ìhà òkun. Ládépọ̀ ní ká dúró. Mo ní bí a bá dúró lónìí, ọ̀la lè burú jù, kílíà sì nílò ọjọ́ méjì kó tó le. Ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wá sí gọ́ọ̀nù gùn, ó máa ń fẹ́ kan ara ọkọ̀ bí mo bá yí. Mo ní kí Ìbídùn fọ ọwọ́ rẹ̀, kó máa gbé e tẹ̀ lé mi.

Ìpele kìíní. A dúró. Afẹ́fẹ́ ń gbé páànù orí wa sókè, ó ń jẹ́ kó balẹ̀. Ìpele kejì, láti bọ́nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn sí búùtù, mò ń rìn, ó ń rìn lẹ́yìn mi, ọ̀pá náà wà lójú àyà rẹ̀ bí ọmọ. Òjò kọ́kọ́ kan páànù nígbà tó ku ilẹ̀kùn kan. N kò gbé orí sókè. Mo parí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Òjò ń lu páànù, a kò lè gbọ́ ara wa. Ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ojú kankan tó là. Ládépọ̀ jókòó sílẹ̀ nínú omi.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹjọ

A wa ọkọ̀ náà lọ sí agbo ilé wọn ní Ọ̀jọ́ ní aago mẹ́sàn-án. Àwọn àlùfáà ti jókòó lórí ẹní. Alhaji jáde, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró níbi ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìyá àgbà kan nínú ilé náà, ìyàwó olóògbé, bu sẹ́kún, ó ní ọkọ òun ti dé. Mo rò pé ó ti parí.

Lẹ́yìn àdúrà, níwájú gbogbo ẹbí, Àlàbá ní ọ̀rọ̀ kan kù. Ó ní ọkọ̀ ti dán, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí Pẹ́ńtà sọ fún ẹbí, ta ló fi àgbélébùú sára ọkọ̀ bàbá àwọn? Bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń wọ ibẹ̀ lóru láti fi nǹkan ra á lára, ó yẹ kí ẹbí mọ̀ kí wọ́n tó fún wọn ní ọdún márùn-ún.

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo mọ orúkọ tó yẹ kí n dá. Mo mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí orúkọ náà ní ilẹ̀ yìí, ní ẹnu kànga, ní ọjà, fún ọdún méloo. Mo tún mọ pé bí mo bá ní omi kọmpirẹ́sọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa gbà á, omi kì í ya àgbélébùú.

Mo ní, "Èmi ni. Òróró wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, òkè sí ìsàlẹ̀, ọ̀tún sí òsì, bí a ṣe máa ń wò ó bóyá ó tẹ́. Ibi tí ọwọ́ mi gbà ni kílíà kọ̀."

Irọ́ ni àbí kì í ṣe irọ́? Mo ṣì ń rò ó. Èmi ni pẹ́ńtà. Ohunkóhun tó bá kan ọ̀dà kí kílíà tó bò ó, ọrùn mi ló wà.

Àlàbá rẹ́rìn-ín, ó ní pẹ́ńtà wo ló ń fi ọwọ́ olóròóró kan ọ̀dà? Alhaji wo ọwọ́ mi. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Àlàbá ní ìdí. Wọ́n ní ẹni tó bá lè ṣe irú àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kò lè fi ọdún márùn-ún lé e lọ́wọ́. Kí n gba méjì ná, ká tún máa wo bí iṣẹ́ mi ṣe rí.

Ọdún méjì. Èmi àti Ládépọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Ìyánà-Ìbá. Níbẹ̀ ló ti ní, "Ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta lẹ fi ṣe saara yẹn." Ó ra ẹ̀pà, ó bu ìdajì fún mi.

Ó ti ní láti jẹ́ pé Ládépọ̀ délé ṣáájú mi tó sọ ọ́ fún Ìbídùn. Nígbà tí mo jẹun alẹ́ tán, Ìbídùn gbé abọ́ omi àti ọṣẹ dúdú wá, ó gbé e sórí àpótí níwájú mi. Mo ní mo ti ṣanwọ́.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé òróró wà lọ́wọ́ yín."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó fọ ọ́, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, àti abẹ́ èékánná tí pépà ti jẹ. Kò gbàdúrà, tàbí tó bá gbà á, n kò gbọ́. Nígbà tó fọ tèmi tán, kò da omi náà nù. Inú rẹ̀ ló ti fọ tirẹ̀.